Ọjọ́ Méje Péré Ni Wọ́n Ní Kí N Fi Sinmi

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, 1984

Mo ti nawọ́ sókè. Ọjọ́ kejì wa nìyí ní pápá ìdánrawò àwa sójà àtijọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tú wa sílẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀gá sójà kan dìde, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fètò sí ọmọ bíbí, kí dókítà dí ọ̀nà àtọ̀ rẹ̀, kó nawọ́, mọ́tò ti wà níta, ẹni tó bá sì lọ kò ní padà wá síbí mọ́ lọ́dún yìí. Àwa mẹ́sàn-án la nawọ́. Àwọn tó kù hó lé wa lórí bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n Deok-man tí a jọ ń ru èédú ló kọ́kọ́ wọ mọ́tò, ó ní òun ò lè máa gbé ìbọn kiri fún ọjọ́ mẹ́ta mọ́ nígbà tí kò sí ẹni tí òun fẹ́ yìn ín sí.

Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Jeong-a, ti fẹnu kò sí i láti ìgbà tó ti bí Jeong-mi, tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ gbé e lọ níṣojú mi. Ọmọ obìnrin méjì tó wa. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ nínú ìwé ara mi: ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló gbé ọwọ́ mi sókè. Òtútù ti ń bọ̀, gbogbo ilé orí òkè tí a ń gbé ló ń ra èédú ìdáná pamọ́. Ẹni tí kò bá ru èédú lóṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, kí ló fẹ́ jẹ nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀?

Dókítà ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì Seol fún mi ní ìwé kan: ọjọ́ méjì lórí ẹní, ọjọ́ méje láìgbé ohunkóhun, lẹ́yìn ìyẹn kí n máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa lo rọ́bà ìdáàbòbò títí wọ́n á fi yẹ̀ mí wò tí wọ́n á ní kò sí nǹkan kan nínú omi mi mọ́. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ gbọ́ ọjọ́ méje?" Mo ní mo gbọ́.

Bàbá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó kù fún un, ọdún kẹjọ rèé tó ti ń retí ọmọkùnrin láti ọ̀dọ̀ mi. Abúlé ló wà ní tiẹ̀, ní Hapcheon, ọ̀nà jìn sí Busan tí a wà. Ta ló máa lọ sọ fún un?

Ọjọ́ 12

Mo dùbúlẹ̀. Ìyá Jeong-a fi aṣọ wé yìnyín, ó gbé e lé mi nísàlẹ̀. "Bàbá Jeong-a, ẹ yé jà bí ẹran ọdún. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fojú rí ọkọ tó dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan."

Ẹ̀gbọ́n Deok-man gbé àga síwájú ilé rẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó la ẹsẹ̀ bí ọba, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé èmi àti òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ bíbí. Ẹnu ọkùnrin yẹn ò ní ìlẹ̀kùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo òkè ti mọ̀.

Ọjọ́ 14

Ẹ wo òmùgọ̀.

Ọjọ́ kẹta péré, mo lọ ru èédú. Ọjọ́ tí mo tìtorí rẹ̀ nawọ́, ṣé kí n fi sùn tán ni? Ìyá Jeong-a ti lọ ha ẹja fún wọn lọ́jà, kò sí ẹni tó máa dì mí láṣọ mú. Ọ̀gá Gu tó ni ibùdó èédú wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀. "Sam-yong, Deok-man ní ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fún yín." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n Deok-man fẹ́ràn oorun, ọ̀gá."

Mo fi èédú rìbìtì mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn ogóje, ara mi dá ṣáṣá. Mo tún ru mẹ́wàá. Mo wá ń sọ nínú ara mi pé àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ni wọ́n kọ ìwé yẹn fún, kì í ṣe irú èmi. Mo di ogún lé jige, igi tí a kàn láti fi pọ̀n ẹrù sẹ́yìn. Nígbà kẹjọ tí mò ń gòkè ni nǹkan kan tú nínú mi, bí ẹni da omi gbígbóná sí mi nísàlẹ̀ ikùn. Kò dùn mí púpọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ jige kalẹ̀ kí n sì máa lọ sílé. Mo tún ru lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ 15

Ó wú. Ó tó èso píà ńlá tí a ń gbé ka iwájú àwọn baba ńlá wa lọ́jọ́ ọdún, ó sì dúdú, àfi bí ẹni pé wọ́n fi kùmọ̀ lù mí níbẹ̀. Ìyá Jeong-a wò ó títí. Ó ní, "Wọn ò ní kẹ́ ẹ gun òkè Jiri. Wọ́n ní kẹ́ ẹ sùn. Ohun tí ajá mọ̀ ọ́n ṣe lẹ ò lè ṣe."

Ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló kó jọ, òun ò ní là á, ara á fà á padà fúnra rẹ̀ tí mo bá fún un láàyè: ọjọ́ mẹ́wàá lórí ẹní, kò sì sí ẹrù títí oṣù kan fi máa pé. Nọ́ọ̀sì Seol ní, "Ẹ kọ ọjọ́ méje. Ẹ wá gba ọgbọ̀n." Kò rẹ́rìn-ín.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Èmi mú òkúta, mo là á mọ́ ọn.

Ọjọ́ 17

Ọ̀gá Gu ránṣẹ́. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó kàn ní òkè wa ò lè dúró láìsí èédú, tí mi ò bá rí ẹni rù ú dípò mi, òun á gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn títí di ìgbà ooru. Ìyá Jeong-a ní òun á rù ú. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ó ní kí n wá ojú náà dí nígbà náà. Ó ru mẹ́fà mẹ́fà lẹ́yìn tó ti ọjà ẹja dé. Mo dùbúlẹ̀, mò ń ka ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ 19

Bàbá dé. A ò pè é. Ata gígún tí a ó fi ṣe kimchi ọdún yìí, kábéèjì oníyọ̀ tí a ń kó pamọ́ de òtútù, ló gbé wá, àpò ńlá méjì. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá mi lórí ẹní.

"Kí ló ṣe ọkùnrin tó fi nà gbalaja ní agogo mọ́kànlá àárọ̀?"

Ìyá Jeong-a wò mí. Èmi ń wo àjà. Mo ní, "Ìpá ni, Bàbá."

Irọ́ yẹn kàn jáde ni. Kí n tó mọ̀, ó ti wà nílẹ̀ láàárín wa. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìpá? Ìpá kì í ṣe ohun eré o! O mọ bàbá Chil-bok? Ìpá ni ò jẹ́ kó rí ọmọ kejì bí." Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ tó wọ̀ rìnrìn àjò, ó rọra fi kọ́. "Jige rẹ dà?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá Jeong-a bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, mi ò tíì kú. Ọmọ tí wọ́n bí sídìí jige ni mí. Ìwọ tọ́jú ìbàdí rẹ, ọmọ-ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀ tó ń bọ̀."

Ká ní mo lanu nígbà yẹn. Ká ní mo lanu.

Ọjọ́ 22

Ó ń ru ogún. Mo ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kọ́, kọ́, kọ́, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé òkè ju bí mo ṣe ń ṣe lọ. Nígbà tó wọlé nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ dúdú, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun, inú rẹ̀ ń dùn. Mo fẹ́ bu omi gbígbóná sí i lẹ́yìn. Ó gba agbè lọ́wọ́ mi. "Má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀! Ta ló ní kó o bẹ̀rẹ̀?"

Kábéèjì ti wọ́n ju ti èṣí lọ, Ìyá Jeong-a ní ogójì orí la máa rà dípò ọgọ́ta.

Ọjọ́ 28

Ó lọ sílé lánàá, ó dé lónìí. Ó pa ewúrẹ́ dúdú rẹ̀, abo tó ń bímọ lọ́dọọdún, òun kan ṣoṣo tó ní. Ó sè é pọ̀ mọ́ egbò igi títí ó fi di omi dúdú, ó rọ ọ́ sínú ìgò mẹ́rìnlá. "Ife kékeré kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Ó ń tún àtọ̀ ọkùnrin ṣe. Kó o mu ún tán lójú mi."

Mo mu ún. Ó korò, ó sì ń rùn bí awọ. Ìyá Jeong-a kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni mo pè é. Nígbà tó yíjú padà, omi ló wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ 30

Mo rìn dé ẹnu ẹ̀rọ omi, mo rìn padà. Kò dùn mí.

Ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá

Nọ́ọ̀sì Seol fọwọ́ yẹ̀ mí wò. Ó ti rọ̀, ó ti kéré sí ẹyin adìyẹ. Ó ní kí n máa gun àtẹ̀gùn lọ́wọ́ òfo fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà márùn-ún, tí kò bá fà mí, mẹ́wàá. "Tó bá fà yín, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má bá a jiyàn." Ó tún rán mi létí rọ́bà, ó ní ó máa ń tó ogún ìgbà kí ọ̀nà tó mọ́.

Mo jíṣẹ́ fún Ìyá Jeong-a. Ó ní, "Ogún ìgbà? Pẹ̀lú bàbá yín tó sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn oníwèé? Kí nọ́ọ̀sì wá ṣe é." Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo bá Ẹ̀gbọ́n Deok-man pàdé bí mo ṣe ń padà. Ọgbọ̀n ló dì sẹ́yìn, ó ń súfèé. Ọjọ́ méje ló sùn, ó fi ọjọ́ méje ru díẹ̀díẹ̀, kò sí ibi kan tó dùn ún rí. Ó ní, "Àbúrò, kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀ o, ìwé yẹn ni mo kà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá yẹn ń ru ẹrù jù. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?" Mo bínú sí i. Kò yẹ kí n bínú.

Ọjọ́ 12

Òjò dídì àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, ó yọ́ kó tó di ọ̀sán. Mo fi ọwọ́ gbé márùn-ún, Bàbá wà níwájú mi pẹ̀lú ogún. Ó bojú wẹ̀yìn. "Mélòó nìyẹn? Sọ méjì kalẹ̀." Mo sọ méjì kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ń gbé mẹ́ta, bàbá rẹ̀ ń ru ogún. Àwọn ará ilé òkè ń wò wá, wọ́n ń kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọn ò wo ojú mi.

Ọjọ́ 14

Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn báyìí. Orúnkún ọ̀tún ni. Mo bi í, ó ní bàtà ló ń fún òun.

Ìyá Jeong-a ní, "Ẹ sọ fún wọn."

"Á pa wọ́n."

"Ẹrù ló ń pa wọ́n. Ojú wọn lẹ̀ ń bẹ̀rù, kì í ṣe ikú wọn."

Mo dìde lọ bá Bàbá. Ó ti sùn, ó la ẹnu sílẹ̀, ìgò ewúrẹ́ tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ kó má baà gbàgbé láti fún mi láàárọ̀. Inú mi dùn pé ó ti sùn. Irú ọmọ wo nìyẹn?

Ọjọ́ 17

A ṣe kimchi. Ata Bàbá pupa, ó dára, gbogbo ọwọ́ ń ta wá. Jeong-a ń fi iyọ̀ sáàárín ewé, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ìgbà wo ni àbúrò wa ọkùnrin ń bọ̀? Bàbá àgbà ní tí ara yín bá ti yá ni. Wọ́n ní èmi ni màá pọ̀n ọ́n."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo ní kí n lọ bu omi wá. Mo dúró lẹ́yìn ilé níbi ìkòkò, mo sọ fún ara mi pé ọ̀la. Ọ̀la dandan.

Ọjọ́ 18

Mi ò sọ ọ́. Ọjọ́ ìsinmi ni, ó lọ wo òkun, inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ 19

Bàbá ṣubú.

Ó ti gun tó bíi àádọ́rùn-ún àtẹ̀gùn, nítòsí ilé ìyá àgbà tó ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà. Ogún èédú fọ́ túútúú, wọ́n yí dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Deok-man ló pọ̀n ọ́n wá. Orúnkún Bàbá wú ju bí tèmi ṣe wú lọ. Dókítà tó ń to egungun ní eegun ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan inú orúnkún ti ya, kò ní ru ẹrù mọ́ láyé. Bàbá bi í pé oko ńkọ́. Dókítà ní kó wá ẹni bá a dá a.

Bàbá wá bẹ̀ mí. Òun ló ń bẹ̀ mí! "Èédú ogún yẹn, sọ fún Gu pé èmi ni màá san án."

Mo gbé jige. Mo ru mẹ́wàá mẹ́wàá, mo parí gbogbo ohun tó kù fún un lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kọkàndínlógójì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà nìyẹn. Kò fà mí rárá. Mo fẹ́ kó fà mí.

Ọjọ́ 20

Mo sọ fún un.

Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe ìpá." Mo rò ó látòkè délẹ̀: bí mo ṣe nawọ́, mọ́tò, ọjọ́ mẹ́ta tí mo fẹ́ fi wá owó, ọjọ́ méje tí mo kọ̀ láti sinmi. Mo ń retí kó gba ọ̀pá jige kó là á mọ́ mi lórí. Ó yá mi lára.

Ó ní, "Ìyàwó rẹ mọ̀?"

"A jọ pinnu ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nítorí ẹ̀jẹ̀ ìgbà Jeong-mi yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí sókè sódò. Ọkàn mi ní ó ti tán, pé ó ti gbà.

"Deok-man mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Gu ńkọ́?"

"Ó mọ̀, Bàbá."

"Ìyá tó ń ta tófù?"

Mo dorí kodò.

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, èédú ṣì wà lábẹ́ èékánná. "Gbogbo ilé tí mo gbé èédú wọ̀ lórí òkè yìí ni mo sọ fún pé ara ọmọ mi ti ń yá. Mo ní lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọkùnrin ni màá wá kí. Wọ́n á fún mi lómi mu. Wọ́n á máa wolẹ̀. Èmi ń rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni."

Kò pariwo. Ìyá Jeong-a wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sunkún. Bàbá ní kó dìde, ó ní òun ò bá a jà, kí obìnrin má kú nítorí ọmọkùnrin. Òótọ́ ló fi sọ ọ́. Èmi, kò tún wò mí mọ́.

Ọmọ tí mi ò ní bí, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n nawọ́ lọ́la, màá nawọ́. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí bàbá mi máa gba ẹnu ọ̀nà lọ sí ẹnu ọ̀nà fún oṣù kan, òun nìkan ṣoṣo tí kò mọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ara mi ti wá mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ 22

Ó lọ. Mo ní kí n pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó fi ìdí wọ́ dé ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ gbogbo ogóje kalẹ̀, pẹ̀lú kóòtù ìrìnàjò rẹ̀, pẹ̀lú fìlà lórí. Mo ń tẹ̀ lé e, mo gbé àpò rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ṣílẹ̀kùn. Ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ ṣé omi, ẹ kú ìnáwó kimchi, ó di ìgbà kan ná. Ìyá onítófù fi aṣọ bojú. Ẹ̀gbọ́n Deok-man tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́.

Níbùdókọ̀, ó gba àpò lọ́wọ́ mi. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí mi ò ti lè rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́ 6, oṣù kejìlá

Ogún. Kò sí ìrora. Òtútù mú gan-an, omi ẹ̀rọ dì.

Ọjọ́ 15

Mo ti kọ lẹ́tà méjì. Kò sí èsì. Ìyá Jeong-a ní kí n kọ ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ 29

Ilé ìwòsàn fún mi ní èsì: kò sí nǹkan kan mọ́, ọ̀nà ti mọ́, kò sí ìdí fún rọ́bà mọ́. Nọ́ọ̀sì Seol bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú oríire, ara yín ti dá pátá."

Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo pe olórí abúlé, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni tẹlifóònù wà. Mo ní kó bá mi pe Bàbá. Mo dúró, owó ń já bọ́ sínú ẹ̀rọ. Olórí abúlé fúnra rẹ̀ ló padà wá.

Ó ní, "Sam-yong, bàbá rẹ ní ẹsẹ̀ òun ò lè gbé òun dé ìdí tẹlifóònù."

Mo ní, "Wọn ò wá sọ nǹkan kan?"

"Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ń ru ẹrù, bóyá kò dùn ọ́ mọ́."

Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ń rù ú. Kò dùn mí mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé a ó wá kúnlẹ̀ ọdún tuntun fún wọn, èmi, ìyàwó àtàwọn ọmọ."

Olórí abúlé ní, "Ó ní tó o bá ti dáhùn pé o ti ń rù ú, kí n ní ó dáa. Ó ní kí ìyàwó rẹ kó àwọn ọmọ wá kí òun. Ó ní kí ìwọ má wá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Ó ku ilé mẹ́fà tó ń dúró de èédú. Mo ru ọgbọ̀n, mo gun ogóje láìdúró, kò sì sí ibì kankan tó dùn mí lára.